A Kì Í Pa Igún: Ta Ni "A" Náà?

Bí ẹ bá lọ sí ìpàdé kankan lónìí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹranko àti ẹyẹ tó ń run lọ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ò ní jókòó pẹ́ kí ẹnì kan tó dìde, kó tún agbádá ṣe, kó sì ní: "Àwọn baba wa ti ń dáàbò bo ẹranko kí òyìnbó tó dé. Ṣebí àwọn ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí." Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé á kọ gbólóhùn náà sínú àbọ̀ ìpàdé. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Mo fẹ́ ká yẹ gbólóhùn yìí wò lónìí bí ìgbà tí à ń yẹ ewì wò. N kò fẹ́ bu òwe kù o. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ ká di ẹrù tí ẹṣin ò lè gbé lé e lẹ́yìn, ká wá máa yà á lẹ́nu nígbà tó bá wó lulẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé òwe wà lẹ́nu wa digbí, igún sì ń tán lọ. Ọ̀kan nínú ohun méjì ló ṣẹlẹ̀: bóyá òwe náà kò sọ ohun tí a rò pé ó ń sọ, tàbí ó ń sọ ọ́, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Èrò tèmi ni pé èkínní ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Kì í" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣẹ

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà, ẹ ó rántí pé bí Yorùbá bá fẹ́ pàṣẹ pé kí ẹnì kan má ṣe nǹkan, "má" ló ń lò: "Má pa igún." Bó bá fẹ́ ṣòfin, á ní "kò gbọdọ̀": "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa igún." "Kì í" yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìṣe tí kò wọ́pọ̀ ló ń sọ, ohun tí a kò mọ̀ mọ́ ayé tàbí mọ́ ẹnì kan. "Bàbá kì í mu sìgá" kò fi òfin de Bàbá, ìròyìn nípa Bàbá ni.

Nínú òwe, "a kì í" máa ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán. Bí a bá ní "a kì í wáyé ká má lárùn kan lára," ìròyìn bí ayé ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i. Bí a bá ní "a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ìmọ̀ràn ni. Àwọn tó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ pọ̀ lọ jàra, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí òwe náà wúlò. Bí a bá sì ní "a kì í gbọ́ 'lù ú' lẹ́nu àgbà," ó dà bí ìròyìn, ṣùgbọ́n ìbáwí ló fi pamọ́ sínú.

Ti igún dà bí ẹ̀kẹta yìí. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ó ti rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Agbára rẹ̀ nìyẹn: kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn sọ pé nǹkan kì í rí báyẹn láàárín wa. Ibẹ̀ náà ni àìlera rẹ̀ wà. Ẹni tó bá rú òfin, a lè pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó bá pa igún, kò sí òfin tó rú nínú gbólóhùn yìí. Ńṣe ló kàn sọ ìròyìn di irọ́. Bí ìròyìn bá sì ti di irọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì á rọrùn.

Ta wá ni "a"? Nínú èdè wa, "a" lè jẹ́ èmi àti ìwọ, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a kò dárúkọ rárá. "A bí mi ní Ìjẹ̀bú" kò sọ pé èmi náà wà lára àwọn tó bí mi. "A" inú òwe igún jẹ́ ti irú kejì yìí: gbogbo èèyàn ni, kì í sì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹ fi wé èèwọ̀ tó ní ilé. Àwọn tó bí ìbejì mọ̀ pé edun kì í ṣe ẹran tí àwọn ń jẹ. Ẹni tí èèwọ̀ náà dè mọ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un, ìyá ọkọ rẹ̀ á bi í bó bá gbàgbé, ó sì mọ ohun tí wọ́n ní ó máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ bó bá jẹ ẹ́. Àmọ́ ará ilé kejì tí kò bí ìbejì lè pa edun kó fi jẹyán, kò kàn án. Èèwọ̀ ilé lágbára, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Òwe igún kò ní ààlà, ṣùgbọ́n kò ní baálé. Ohun tó bá sì jẹ́ ti gbogbo ayé, ta ni yóò dúró tì í?

Ilẹ̀kùn kẹrin

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tó wà níbẹ̀: pa, jẹ, àti fi bọrí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mẹ́ta. Ti jíjẹ kò ṣòro láti lóye. Igún ń jẹ òkú ẹran, ó ń bà lórí ààtàn, ó ń dúró ti àwọn alápatà ní odò ẹran. Ta ló fẹ́ fi irú rẹ̀ jẹ àmàlà? Ti bíbọ orí náà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ́, tó tutù, ni à ń fún orí: omi tútù, obì, ẹyẹlé, ẹja. Ẹyẹ tí orí tirẹ̀ gan-an pá kọ́ la ó máa gbé síwájú orí ẹni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìríra wà nínú òwe yìí tó pọ̀ tó ọ̀wọ̀, bóyá ó tilẹ̀ jù ú lọ. Àwọn tó ń kà á bí ìwé ìfẹ́ ẹ̀dá kò gbọ́ ohùn yẹn níbẹ̀.

Ẹ tún wo ìgbà tí àwọn èèyàn ń lò ó gan-an. Ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀tá ló máa ń sọ ọ́. Ó ń fi ara rẹ̀ wé igún: bí wọn kì í ti í pa igún, kí ẹnikẹ́ni má lè pa èmi náà. Èèyàn ló sá sábẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ. Kò ní in lọ́kàn láti bo ẹyẹ.

Wàyí o, ilẹ̀kùn kẹrin wà tí òwe náà kò tì: a kì í fi igún ṣe oògùn, a kì í ta igún. Ẹ wá a títí nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn, kò sí níbẹ̀. Ojú ilẹ̀kùn yìí ni igún ń gbà lọ. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn lékulẹ́ja ní èyíkéyìí nínú àwọn ọjà ńlá wa. Láàárín agbárí ọ̀bọ, awọ ejò àti ọ̀gà gbígbẹ, bí ẹ bá béèrè orí igún, wọ́n lè wá a fún yín, iye tí wọ́n máa pè yóò sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹni tó ń tà á lè sọ òwe igún fún yín láìkọsẹ̀. Kò purọ́: kò jẹ ẹ́, kò fi bọrí, òun kọ́ ló sì pa á. Ó rà á ni.

Ìyìn ló di owó

Kí ló dé tí oògùn fi ń wá igún? Ẹ padà sínú èdè. Nínú àdúrà, a máa ń sọ pé gúnnugún kì í kú léwe. Orí rẹ̀ tó pá la fi ń wo àgbà. A gbà pé ojú rẹ̀ ríran jìnnà, pé ó ń mọ ibi tí òkú wà kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Etí Yorùbá tún ń gbọ́ "gún" nínú orúkọ rẹ̀, irú "gún" tó wà nínú "ayé wa á gún." Àwọn tó ń wá ẹ̀mí gígùn, ìríran àti àwúre kò ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ igún. Àwa la fi ìyìn júwe ọ̀nà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù. A rò pé bí a bá yin ẹ̀dá kan tó, a ó dáàbò bò ó. Lítíréṣọ̀ wa sọ òdìkejì rẹ̀. Ọlọ́jàlá ń ki erin, ó ń ki ẹfọ̀n, ó ń ki àgbọ̀nrín, ó mọ ìrìn wọn àti ìwà wọn ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ọdẹ ni. Kíkì àti pípa jọ ń gbé inú ẹnì kan náà, kò sì sí àbòsí níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá ní erin ńlá lójú, ó tún mọ̀ pé ọjọ́ tí erin bá ṣubú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ọ̀wọ̀ wà, ọ̀bẹ náà wà. Ohun tó dáàbò bo erin láyé àtijọ́ ni pé igbó tóbi, ọdẹ kò pọ̀, ìbọn sì jẹ́ onígba kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ojúṣe yẹn fún ìjàlá.

Ti igún tún le ju ti erin lọ, nítorí igún kì í gbé igbó jìnnà sí wa. Irú èyí tí à ń rí jù nílẹ̀ wa, èyí kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ń pè ní Necrosyrtes monachus, ará ìgboro ni. Orí òrùlé ọjà, odò ẹran, ààtàn, igi ńlá ẹ̀yìn ilé: ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ìwé ìkéde tó ń sọ pé ká dáàbò bo "ẹranko inú igbó" kò bá igún wí rárá. Àwọn tó ń túmọ̀ ìkéde wọ̀nyí láti èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ohun tó nílò ààbò gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn odi ìlú, tí ẹ̀ṣọ́ igbó á máa ṣọ́. Ta ni ẹ̀ṣọ́ odò ẹran? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run pàápàá, òwò láàárín orílẹ̀-èdè ló wà nínú àkọlé rẹ̀.  Àtẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláta kò sí nínú orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń ka èyí ṣì rántí ìgbà tí igún ń pọ̀ lórí òrùlé odò ẹran bí adìẹ. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n ti rí ọ̀kan rí. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN tó ń ṣírò ẹ̀dá tó ń run lágbàáyé gbé igún yìí sí ìpele tó burú jù lọ kí ẹ̀dá tó parẹ́ pátápátá nínú igbó àti ìgboro. Májèlé àti oògùn wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ó lé ní 2,000 igún tó kú ní Guinea-Bissau láàárín oṣù díẹ̀. Májèlé ni, ọ̀pọ̀ nínú òkú wọn ni kò sì ní orí mọ́. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún yìí máa ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Òwe tí wọn kì í kà nípàdé

Òwe kan wà tí n kò tíì gbọ́ nípàdé kankan, òun gan-an ló sì yẹ kí wọ́n kọ sára ògiri: "Àìrí igún, a kì í ṣebọ, àìrí àkàlà, a kì í ṣorò."

Ẹ wo bó ṣe yàtọ̀. Kò yin igún. Kò kà á léèwọ̀. Ohun tó sọ ni pé a nílò rẹ̀. Ìṣe tiwa ló so mọ́ wíwà rẹ̀. Igún ni ẹlẹ́rìí pé ẹbọ dé ibi tó ń lọ. Bí kò bá bà sórí ẹbọ, ọkàn ẹlẹ́bọ kò balẹ̀. "Kì í" inú òwe yìí kì í ṣe ìbáwí mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Nínú òwe àkọ́kọ́, igún ni à ń ṣe nǹkan fún, tàbí tí a kì í ṣe nǹkan sí. Nínú èyí, àwa ni ọwọ́ wa rọ bí kò bá sí.

Àwọn kan ti rí ohun tí òwe yìí ń sọ lójú ayé. Àwọn ẹlẹ́sìn Parsi ní ìlú Mumbai, nílẹ̀ Íńdíà, kì í sin òkú, wọn kì í sì í sun ún. Orí ilé gíga kan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kí igún wá jẹ ẹ́. Ní àwọn ọdún 1990, igún Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí èyí tó ṣẹ́kù lára àwọn irú kan kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun tó ń pa wọ́n: diclofenac, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú, tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á bàjẹ́. Ọdún 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òkú màlúù ti ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ti pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù dìgbòlugi sì pọ̀ pẹ̀lú wọn. Àwọn Parsi wá ń wá ọgbọ́n tí wọ́n máa fi ṣe òkú wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní òwe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ṣẹ sí wọn lára: àìrí igún, wọn kò lè ṣorò.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé, níbi tí ẹbọ ti wà ní oríta lónìí, kí ló ń jẹ ẹ́? Àti ìfun àti eegun tó ń ti odò ẹran jáde, ta ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́? Ajá ni, eku ni, eṣinṣin ni. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí kì í rúbọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí eṣinṣin kì í bèèrè ẹ̀sìn kó tó bà lé ọbẹ̀.

Ohun tí èdè lè ṣe

Ẹnì kan á ní mo ti fọ́ òwe sí wẹ́wẹ́ tán, kí ni mo fẹ́ fi dípò? Ó tọ́ kí wọ́n béèrè. Ó sì yẹ kí n dá òwe àkọ́kọ́ láre níbi tó ti jàre: fún ọjọ́ pípẹ́, ẹyẹ ńlá kan bá wa gbé láàárín ìlú, tí a kò sọ ọ́ ní òkò, tí a kò fi se ọbẹ̀ nígbà ìyàn pàápàá. Ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Nǹkan tó ní ìpìlẹ̀ la fẹ́ kọ́lé lé lórí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé òwe kì í ṣe òkúta. Àwọn baba wa fi gbólóhùn mẹ́ta ti ilẹ̀kùn mẹ́ta tí wọ́n rí. Àwa rí ìkẹrin. Kí ló dé tí a kò lè fi kún un? "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, a kì í fi igún ṣoògùn." Ó bá ìró mu, ó sì rọrùn lẹ́nu. Bí ọmọ ilé-ìwé bá kọ́ ọ báyìí láti kékeré, bó ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu àwọn tó ń ṣe oògùn jáde, kó má jẹ́ láti ẹnu wa nìkan. "A" náà nílò baálé, àwọn onísègùn àti babaláwo ló sì lè jẹ ẹ́. Bí ẹgbẹ́ wọn ní ìlú kan bá ní "àwa kì í," ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gbogbo ayé, ó ti di ti ilé.

Ẹ̀kejì wà nínú bí oògùn Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi ìlú Salvador ní Bàhíà ṣe ilé, tó sì di Fátúmbí nínú Ifá, fi ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995, hàn wá pé orúkọ èròjà àti ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ máa ń bá ara wọn tan. Ìró ló ń so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi orógbó súre fún ọmọ tuntun: kó lè gbó. Obì ń bi ikú. Agbára wà nínú ohùn tó ń jáde lára orúkọ, bó ti wà nínú ohun tí à ń fọwọ́ mú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá ẹ̀mí gígùn kò ní ìdí kankan láti gé orí ẹyẹ. Orógbó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn níwájú gbogbo ẹbí, ní gbangba, ní gbogbo ọjọ́ ìkómọ. Igi orógbó náà ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n a lè gbìn ín. Kò sẹ́ni tó lè gbin igún.

Àjọ NCF, tó ti ń ṣiṣẹ́ ààbò ẹ̀dá ní Nàìjíríà láti ọdún 1980, ti ń bá àwọn onísègùn sọ̀rọ̀ nípa ewé tó lè dípò ẹ̀yà ara igún. Ọ̀nà tó dára ni. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un ni kí onímọ̀ èdè àti babaláwo jókòó sídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá kàn mú ewé kan wá nítorí pé ó wọ́pọ̀, onísègùn á gbà á lójú wọn, á sì padà sídìí orí igún lẹ́yìn wọn. Ewé tí orúkọ rẹ̀ bá ọfọ̀ mu nìkan ló máa dúró.

Ó pẹ́ tí òjò ti ń pa igún bọ̀, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀ láti fi sọ pé ìyà kì í ṣe tuntun fún ẹni tó ti fara dà á. Òjò tó ń rọ̀ báyìí kì í ṣe irú èyí tí igún mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, mo ní iṣẹ́ fún yín. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú yín bí wọ́n ṣe ń sọ òwe igún ní ẹ̀ka-èdè tiwọn: ṣé mẹ́ta ni, àbí ó lé? Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ti fi oògùn tàbí títà sí i tẹ́lẹ̀? Bí ó bá wà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ orúkọ ìlú. Kí ẹ tún bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n rí igún níbẹ̀ kẹ́yìn.